Ta Ni Ó Ń Yẹ Òṣùwọ̀n Agbanisíṣẹ́ Wò?



Bí alágààrí kan bá tẹ ìdí kọ́ńgò rẹ̀ wọ inú ní ọjà Igbókòdá, kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo ọjà ni yóò ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń yẹ òṣùwọ̀n agbanisíṣẹ́ wò?

Àwọn kan a máa sọ pé bí ẹjọ́ kò bá ti pọ̀, òfin ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó ń jẹun lọ́wọ́ ọ̀gá, tí ó ń sùn nínú sọ́ọ̀bù ọ̀gá, ibo ni yóò ti rí ẹnu fi ọ̀gá sùn? Àkúrẹ́ ni ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ wà. Owó ọkọ̀ nìkan tó láti pa á lẹ́nu mọ́. Ibi tí a kò ti gbọ́ ẹjọ́ rárá lè jẹ́ ibi tí ìbẹ̀rù pọ̀ sí jù.

Òfin pàápàá ní ihò. Ní oṣù keje ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù tí ó kéré jù lọ di ₦70,000. Ṣùgbọ́n òfin náà kò mú agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, kò sì kan ẹni tí a ń sanwó fún ní ìwọ̀n iṣẹ́ tí ó bá ṣe. Ẹ ka àwọn sọ́ọ̀bù wa láti gáréèjì dé etí omi, kí ẹ sọ èyí tí ó ní ènìyàn 25 fún mi.

Síbẹ̀, ihò náà kò gba gbogbo nǹkan. Òfin Iṣẹ́ ní kí a kọ àdéhùn fún òṣìṣẹ́ kí oṣù mẹ́ta tó pé, kí ẹni tí ó bá lo ọdún kan sì gba ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà pẹ̀lú owó. Òfin ọdún 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa dá owó sí àpò ìtọ́jú àwọn tí ó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ rántí ọkọ̀ epo Trinity Spirit tí ó gbiná lójú òkun ní Ukpokiti ní oṣù kejì ọdún 2022. Ènìyàn 10 ni ó wà nínú rẹ̀. 3 ni a rí láàyè. Bí ó bá jẹ́ ọmọ yín ni, ìwé wo ni ẹ óò gbé síwájú adájọ́?

Nítorí náà, kí ìpàdé oṣù tí ń bọ̀ tó dé, kí olúkúlùkù bi òṣìṣẹ́ mẹ́ta léèrè, kì í ṣe níwájú ọ̀gá wọn: Ìwé àdéhùn rẹ dà? Ìgbà wo ni o gba owó kẹ́yìn? Bí ẹ̀rọ bá gé ọ lọ́wọ́, ta ni yóò sanwó ìwòsàn? Ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Àwa tí a gba ènìyàn síṣẹ́ ni kí a kọ́kọ́ dáhùn. Èmi náà ní òṣìṣẹ́ méjì, n kò sì tíì kọ ìwé fún èkejì.