Ọmọ Tí A Hó Lé Lórí
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọlọ́dọọdún ẹgbẹ́ wa)

Akọ̀wé ní kí n sọ̀rọ̀ lórí eré ìdárayá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Màá gbìyànjú, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ mí láti kíláàsì, ẹnu mi kì í tètè dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ láàárín wa. Ọdún mẹ́ta rèé tí a ti ń dáwó fún ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n iléèwé wa. Ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n na àwọn ọmọ náà. Lọ́dún tó kọjá, àwọn kan nínú wa hó lé wọn lórí níta gbangba, èmi náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Lónìí, àbá wà pé kí a dá owó náà dúró, kí a fi kun géètì iléèwé ní ọ̀dà. Kí a tó dìbò, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní Toronto, ní ilẹ̀ Kánádà.

Ọdún 1994 ni mo dé ibẹ̀, tí mo ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé ìkẹ́rùsí. Họ́kì orí yìnyín ni àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn jù. Bẹ́ẹ̀ ọmọ Kánádà ni James Naismith tó dá básíkẹ́tì sílẹ̀ ní 1891. Toronto náà ni wọ́n ti ṣe eré àkọ́kọ́ nínú líìgì tó wá di NBA, ní 1 November 1946. New York fi 68 sí 66 na Toronto Huskies, àwọn onílé. Sáà kan ṣoṣo ni Huskies lò tí wọ́n fi kógbá sílé. Nítorí náà, nígbà tí NBA tún fún ìlú náà ní kíláàbù ní 1993, tí wọ́n sọ ọ́ ní Raptors, orúkọ ẹranko ayé àtijọ́ kan, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní, "Èyí náà ò ní pẹ́ kú."

Ní June 1995, ètò tí àwọn kíláàbù fi ń yan àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù wáyé ní SkyDome, pápá ìṣeré ńlá ti Toronto. Àwọn èrò ń fẹ́ Ed O'Bannon, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife ẹ̀yẹ fún yunifásítì UCLA. Isiah Thomas, ọ̀gá tó ń yan agbábọ́ọ̀lù fún Raptors, wá mú Damon Stoudamire, ọmọ kúkúrú tí kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti íǹṣì mẹ́wàá lọ. Háà! Gbogbo pápá hó lé ọmọ náà lórí. Èmi tí mo jókòó ti tẹlifíṣọ̀n nílé, tí n kò mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì nínú eré yẹn, èmi náà hó.

Ní 3 November 1995, Raptors ṣe eré wọn àkọ́kọ́. New Jersey Nets ni wọ́n gbà lálejò, kíláàbù tí O'Bannon lọ. Toronto fi 94 sí 79 nà wọ́n. Ṣé ẹ ò rí ayé bí? Ní 24 March 1996, Chicago Bulls ti Michael Jordan wá. Ìgbà mẹ́wàá péré ni wọ́n na Bulls nínú eré 82 ní sáà yẹn. Toronto wà lára àwọn tó nà wọ́n, 109 sí 108, Stoudamire nìkan sì gba 30 wọlé. Òun ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tuntun tó dára jù lọ́dún náà.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí n fi adùn tàn yín jẹ. Nínú eré 82, 21 ni Raptors borí ní sáà àkọ́kọ́, 30 ní èkejì. Ní ẹ̀kẹta, 16 péré, wọ́n sì nà wọ́n nígbà 17 léraléra. Thomas bínú lọ. Ní February 1998, wọ́n fi Stoudamire ṣe pàṣípààrọ̀, ó di ará Portland. Ìgbà yẹn ni mo kẹ̀yìn sí wọn. Mo ní mi ò lè fi owó tí mo fi òru ṣiṣẹ́ fún wo ẹni tí wọ́n ń nà.

Kò pẹ́ tí nǹkan fi yí padà. Ní June ọdún náà, Vince Carter dé. Ní February 1999, wọ́n kó lọ sí gbọ̀ngàn tiwọn. Ní 2000, wọ́n wọ ìpele àṣekágbá fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní 2001, wọ́n na New York 3 sí 2 níbẹ̀. Ni èmi náà bá sáré padà, mo ra fìlà Raptors. Ọmọ mi ọkùnrin wò mí, ó ní, "Dádì, ṣé ẹ wà lẹ́yìn wọn nígbà tí wọ́n ń nà wọ́n?" Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò rí ìdáhùn. Ìbéèrè yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ọdún 2001 náà ni Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó, wá lo sáà tó kẹ́yìn nínú iṣẹ́ rẹ̀ ní Toronto. Ara ti ń rẹ̀ ẹ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n ńṣe ni àwa ọmọ Yorùbá ń yan bí ẹni pé ilé wa ló ti wá. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti handball ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó ti di ọ̀dọ́langba ní iléèwé ní Èkó kí ó tó fọwọ́ kan básíkẹ́tì. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ní iléèwé, bíi tiwa yìí.

Ẹnìkan á ní, ṣé sùúrù nìkan ló tó? Rárá o. Vancouver bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú Toronto. Lẹ́yìn sáà mẹ́fà, ní 2001, wọ́n kó kíláàbù wọn lọ sí Memphis. Sùúrù tí kò ní àtúnṣe, ìjókòó lásán ni. Toronto dúró, wọ́n sì ń tún un ṣe: wọ́n pààrọ̀ olówó, wọ́n kọ́lé, wọ́n wá ọmọ tó yẹ. Lábẹ́ Masai Ujiri, ọmọ Nàìjíríà tó dàgbà ní Zaria, wọ́n gba ife NBA ní 2019. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló gbà wọ́n. Ọdún mẹ́ta ni tiwa, a ti fẹ́ ká ẹní.

Mo lọ wo àwọn ọmọ wa láàárọ̀ àná. Sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ ibẹ̀ ti là. Agbọ̀n kan ṣoṣo ló ní àwọ̀n. Tíṣà Bàọ́lọ́jì ló ń kọ́ wọn, bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, kóówá ń lọ ilé rẹ̀. Àwọn ọmọ méjì ń pín bàtà kan wọ̀, bí ọ̀kan bá jáde, èkejì á wọ̀ ọ́. Ṣé àwọn yẹn la wá hó lé lórí?

Àbá tèmi rèé: kí géètì dúró de ọdún tó ń bọ̀. Kí a fún àwọn ọmọ náà ní ọdún méjì sí i, kí a gba akọ́nimọ̀ọ́gbá fún wọn, kí a tún ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe. Èmi ni yóò kọ́kọ́ dáwó. Bí wọ́n bá sì tún nà wọ́n lọ́dún yìí, kí a wà níbẹ̀, kí a pàtẹ́wọ́. Bí ọmọ mi bá tún bi mí ní ìbéèrè ọjọ́sí, mo fẹ́ rí nǹkan sọ.