Ìrìn-àjò Ọjọ́ Kan Lórí Òkè Èkìtì

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá fún yín kan ọ̀pọ̀ ẹbí àti ẹgbẹ́, pàápàá nígbà ọdún àti ìsinmi: bí a ṣe lè kó ara wa sínú ọkọ̀ ní òwúrọ̀, kí a lọ wo òkè àti odò ilẹ̀ wa, kí a sì padà sílé láyọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn kan ní ọkọ̀ tí a ṣe bí ilé, tí ibùsùn, ààrò àti àgbá omi wà nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn a háyà bọ́ọ̀sì. Èyí tí ó wù kí ó jẹ́, ọkọ̀ gíga tí ó kún fún ẹrù ni, òkè ni ó sì fẹ́ gùn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Ẹ jẹ́ kí a gbéra láti Adó-Èkìtì, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Èkìtì tí a dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1996. A ó gba Ìyìn àti Ìgèdè dé Àràmọ̀kọ. Níbẹ̀ ni a ó ti yà gba Ẹ̀rìjìyàn lọ sí Ìkògòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọn tó pàdé. Lẹ́yìn náà a ó padà sí Àràmọ̀kọ, a ó mú ọ̀nà Ìtáwùré pọ̀n, a ó sì gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Ẹni tí ó bá wo àwòrán ilẹ̀ yóò ní, "Ṣé èyí náà ni?" Lórí ìwé, kò jìnnà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n máìlì kan ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ àti máìlì kan ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn.

Nítorí náà, agogo ìpadàbọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, kì í ṣe agogo ìlọ. Bí ẹ bá fẹ́ wọ Adó ní agogo 5 ìrọ̀lẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ kúrò ní Ẹ̀fọ̀n ní agogo 3. Kí ẹ tó lè sinmi ní Ẹ̀fọ̀n, ẹ gbọ́dọ̀ débẹ̀ ní agogo kan àbọ̀. Èyí ni pé agogo 12 ọ̀sán kò gbọdọ̀ bá yín ní Ìkògòsì. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbádùn omi níbẹ̀, agogo 7 òwúrọ̀ ni kí ẹ ti gbéra nílé. Wákàtí tí ó kù láàárín agogo 5 àti ìgbà tí ilẹ̀ yóò ṣú, ti táyà tí ó jò àti òjò ọ̀sán ni.

Bí agogo 12 bá wá lù tí àwọn ọmọ ṣì wà nínú omi, ẹ má ṣe sọ pé ẹ ó sáré lójú ọ̀nà. Ẹ̀fọ̀n ni kí ẹ yọ kúrò nínú ètò. Òkè kò lọ síbì kankan. Ẹ lè lọ wò ó lọ́jọ́ mìíràn.

Ìkejì, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ń bẹ̀rù ìgòkè, tí wọn kì í bẹ̀rù ìsọ̀kalẹ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ gan-an ni ó léwu jù. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìgbẹ́sẹ̀, bíréèkì yóò gbóná, kò sì ní mú ọkọ̀ mọ́. Jíà kékeré tí ó fi gun òkè ni kí ó fi sọ̀ ọ́, kí ẹ́ńjìnnì lè bá a fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Kí ó sì ti bọ́ sí jíà náà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀. Ẹni tí ó bá fi ọkọ̀ sí fíríì kí epo má baà tán, owó díẹ̀ ni ó fẹ́ fi pa mọ́, ẹ̀mí ni ó fi dúró. Bí ẹ bá gbóòórùn bíréèkì tí ń jóná, ẹ wá ibi tí ilẹ̀ tẹ́jú, ẹ dúró, kí ó tutù fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe da omi sí i.

Ìkẹta ni ẹrù. Kégi omi mẹ́rin tí ó gba lítà 25 jẹ́ lítà 100. Ìwúwo rẹ̀ jẹ́ kílò 100, bí àpò sìmẹ́ǹtì méjì. Bí ẹ bá gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sórí ọkọ̀, ọkọ̀ yóò máa fì ní gbogbo kọ́nà. Ilẹ̀ ọkọ̀ ni kí ó wà, láàárín, kí a sì dì í mọ́lẹ̀.

Láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni a ti ń wa ọkọ̀ ní apá ọ̀tún ní Nàìjíríà. Ní kọ́nà òkè, ibòmíràn wà tí apá ọ̀tún yìí ni ẹ̀bá ọ̀gbun. Awakọ̀ a máa fẹ́ sún sí àárín ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni kò rí ẹni tí ń bọ̀. Kí ó rọra, kí ó fun fèrè, kí ó dúró sí apá tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, ẹ̀yin èrò ni mo ń bá wí. Ẹni tí ó di sítíárì mú ni olórí ẹbí lọ́jọ́ náà, ì báà jẹ́ àbúrò tó kéré jù. Bí ó bá ní òun fẹ́ dúró, kí bàbá àgbà má ṣe ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o mà ń fi àkókò ṣòfò." Bí ó bá ní òjò yìí pọ̀ jù fún òkè, kí ẹgbẹ́ má ṣe fi í ṣẹ̀sín. Kí ẹ tó gbéra, ẹ bi àwọn awakọ̀ tí ń ná ọ̀nà náà lójoojúmọ́ bí ó ti rí àti bí ààbò ibẹ̀ ti rí. Ohun tí wọn bá sọ, ẹ gbà á.

Olúkúlùkù tí ẹ kó jáde ní òwúrọ̀ ni kí ẹ kà pé ní ìrọ̀lẹ́. Iye Òkè tí ẹ rí kò ṣe pàtàkì tó èyí.