Kí A Tó Fi Ẹ̀rọ Sinimá Kékeré Rọ́pò Ńlá

Ọ̀rọ̀ wa lónìí kan àwọn tí ó ní ẹ̀rọ sinimá nínú ilé, ẹ̀rọ tí í tan àwòrán sára ògiri tàbí sára aṣọ funfun. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi sinimá han àwọn ará Èkó ní Glover Memorial Hall, ní oṣù kẹjọ ọdún 1903, inú gbọ̀ngàn ńlá ni ènìyàn ní láti lọ kí ó tó rí i. Lónìí, ẹ̀rọ tí kò tóbi ju búrẹ́dì kan lọ lè ṣe iṣẹ́ náà nínú pálọ̀. Nítorí náà ni àwọn baálé ilé mìíràn ṣe ń fẹ́ gbé ẹ̀rọ ńlá wọn sílẹ̀, kí wọ́n fi kékeré rọ́pò rẹ̀. Ṣé ó yẹ bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí á yẹ̀ ẹ́ wò kí owó tó jáde lápò.

Kí ni ó mú kí ti àtijọ́ tóbi? Ooru wà lára rẹ̀. Gílóòbù inú rẹ̀ máa ń gbóná gan-an, ó sì ń fẹ́ fáànù tí ó lágbára àti àyè tí atẹ́gùn yóò gbà kọjá. Ní 1987, Larry Hornbeck, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ṣe ohun pẹlẹbẹ kan tí ó kún fún jígí wẹ́wẹ́. Jígí kọ̀ọ̀kan kò fẹ̀ tó fọ́nrán irun orí, ó sì ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún láti ta ìmọ́lẹ̀ sí ògiri tàbí láti dá a dúró. Irú nǹkan yìí ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré. Nígbà tí iná LED sì rọ́pò gílóòbù gbígbóná, àpótí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì.

Bí abẹ́rẹ́ ti wù kí ó kéré tó, kì í ṣe mímì adìẹ. Gílóòbù àtijọ́ sábà máa ń lò tó wákàtí 2,000 sí 4,000. Bí ẹ bá ń wo sinimá fún wákàtí 2 lálaalẹ́, wákàtí 2,000 yóò tán ní òru 1,000, kò tíì pé ọdún 3. Iná LED a máa lò tó wákàtí 20,000. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ńlá ń jẹ wáàtì 250 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òmíràn nínú àwọn kékeré kì í jẹ tó 100. Ẹni tí ó ń lo ìnfátà nígbà tí iná mànàmáná bá lọ mọ ohun tí ìyàtọ̀ yìí jẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ìmọ́lẹ̀ ni ẹ ń rà, ẹ kò ra àpótí. Lumen ni orúkọ òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ náà. Ká ní ẹ̀rọ yín àtijọ́ wà ní ẹsẹ̀ bàtà 12 sí ògiri, tí àwòrán rẹ̀ sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 6. Ẹ̀rọ tuntun lè wà níbẹ̀ gan-an kí àwòrán rẹ̀ fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 12, nítorí pé dígí iwájú wọn kò rí bákan náà. Ìbú di ìlọ́po méjì, gíga di ìlọ́po méjì. Gbogbo ojú àwòrán wá di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tí ó da epo ṣíbí kan sórí iṣu ẹyọ kan, bí ó bá pín epo kan náà sórí iṣu mẹ́rin, ṣé yóò pupa bí ti àkọ́kọ́? Bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ rí. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ògiri lálẹ́, kí ẹ máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀; ẹ ó rí i fúnra yín.

Ẹ ṣọ́ra fún iye tí a kọ sára páálí pẹ̀lú. Àwọn olùtajà kan a máa kọ ìmọ́lẹ̀ tí ó wà nínú iná fúnra rẹ̀, wọn kì í kọ èyí tí ó dé ara ògiri. Ẹ wá ọ̀rọ̀ náà ANSI lẹ́gbẹ̀ẹ́ lumen. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a wọn ìmọ́lẹ̀ ní ibi 9 lójú àwòrán, a sì fi 9 pín àròpọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ fi okùn wọn ibi tí ẹ̀rọ yóò wà sí ògiri. Ẹ ní kí olùtajà tan án fún yín nínú yàrá tí ó mọ́lẹ̀ tó tiyín, kí àwòrán sì fẹ̀ tó èyí tí ẹ ń fẹ́. Ẹ ní kí ó fi ibi tí ilẹ̀ ti ṣú nínú sinimá hàn yín. Bí ẹ kò bá dá ojú ènìyàn mọ̀ níbẹ̀, ẹ dá owó yín dúró. Ẹ sì tẹ́tí sí fáànù rẹ̀, nítorí pé fáànù kékeré a máa pariwo nígbà mìíràn.

Bí pálọ̀ yín bá ṣókùnkùn, tí àwòrán yín kò sì fẹ̀ jù, kékeré lè tó yín. Bí ojú ọ̀sán tàbí àgbàlá ni ẹ ti ń wò ó, ẹ má tíì yára ta ńlá. Ẹni tí ó bá sì rọ́pò rẹ̀ lè fi ti àtijọ́ ta ilé-ìwé àdúgbò lọ́rẹ, bí ó bá ṣì ń ṣiṣẹ́. Gílóòbù rẹ̀ tí ó ti kú ni kí ẹ má fi fún ọmọdé ṣeré, kí ẹ má sì fọ́ ọ. Mákúrì, tí í ṣe májèlé, wà nínú ọ̀pọ̀ wọn.

Kí owó yín má ṣòfò.