Àtẹ̀gùn Mẹ́ta

 

Lónìí, ọ̀rọ̀ àwọn akàndá ni mo fẹ́ bá yín sọ. Àwọn ni ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò le, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran, ẹni tí etí rẹ̀ kò gbọ́ràn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí a bá ka ènìyàn 6 láyé, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ akàndá. Wọn kì í ṣe àjèjì. Ọmọ wa ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi. Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìyá kan pọn ọmọ rẹ̀ wá bá mi. Ọmọ ọdún 8 ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rọ. Àtẹ̀gùn mẹ́ta ni ó wà lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì wa. Mo wo ọmọ, mo wo àtẹ̀gùn. Mo ní, "Ìyá wa, ẹ máa gbé e lọ ná. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá le, ẹ mú un padà wá."

Ìyá náà kò bá mi jà. Ó tún ọjá rẹ̀ so, ó sì lọ.

Ẹsẹ̀ náà kò le. Ọdún lọ, ọdún bọ̀. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ kíláàsì àgbà, ọ̀dọ́kùnrin kan fi ọ̀pá méjì rọra wọlé. Bàtà ni ó ń rán. Àṣé òun ni! Lẹ́yìn oṣù 6, ó ka ìwé fún wa láìkọsẹ̀. Ìgbà náà ni ó yé mi pé ẹsẹ̀ kọ́ ni a fi ń kàwé. Àtẹ̀gùn mẹ́ta àti ẹnu mi ni ó dí i lọ́nà.

Òfin kan wà ní Nàìjíríà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí i. Òfin náà ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ya akàndá sọ́tọ̀. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè san ₦100,000, tàbí kí ó fi ẹ̀wọ̀n oṣù 6 jura, tàbí kí ó jẹ ìyà méjèèjì. Ó ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tọ́ sí akàndá títí dé ilé-ìwé girama. Ó ní níbi tí èrò bá ti tò, kí a kọ́kọ́ dá akàndá lóhùn. Ó fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún 5 láti tún ẹnu ọ̀nà wọn ṣe. Ọdún 5 náà pé ní oṣù Kìíní ọdún 2024.

Ṣùgbọ́n òfin kò ní ọwọ́ tí yóò fi po sìmẹ́ǹtì. Àwa ni a ní ọwọ́. Kí ni a lè ṣe?

Èkíní: ẹ jẹ́ kí a ṣe ìdagẹ̀rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn. Bí àtẹ̀gùn bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 1, kí ìdagẹ̀rẹ́ náà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12. Bí ó bá kúrú jù bẹ́ẹ̀, yóò ga ju agbára ẹni tí ó fẹ́ gùn ún.

Èkejì: ẹ̀yin ọlọ́kadà, bí ẹ bá rí ẹni tí ó fi ọ̀pá rìn, ẹ má sáré kọjá. Bóyá ilé ìwòsàn ní Àkúrẹ́ ni ó ń lọ. Ẹ dúró, ẹ gbé e, ẹ má sì gba owó méjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta: nọ́ọ̀sì kò lè mọ ẹni tí ó wà nínú yàrá yín. Ẹ lọ sọ fún un. Bí ẹ bá ń bá adití sọ̀rọ̀, ẹ kọjú sí i kí ó lè rí ẹnu yín. Ariwo kò wúlò fún un. Bí ẹ bá ń mú afọ́jú lọ, ẹ má fà á lọ́pàá. Ẹ jẹ́ kí ó di ìgúnpá yín mú.

Ẹ̀kẹrin: ẹ má fi ọmọ pamọ́ nítorí ìtìjú. Ilé-ìwé àwọn adití wà ní Àkúrẹ́. Ti àwọn afọ́jú wà ní Ọ̀wọ̀. Afọ́jú ń fi ìka ka ìwé. Louis Braille, ará Faransé, tí ojú òun náà fọ́ láti kékeré, ni ó tẹ ìwé nípa ọ̀nà yìí jáde ní ọdún 1829. Àmì kóńkóló 6 péré ni ó fi ń kọ gbogbo lẹ́tà.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. Kò sí ẹni tí ó pé tán láàárín wa.

Gbọ̀ngàn tí a wà yìí náà ní àtẹ̀gùn tirẹ̀. Ní Sátidé, a ó da ìdagẹ̀rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ṣọ́bìrì, kí ó mú un wá. Ẹni tí kò ní, kí ó wá bá wa pọn omi. Bí ó bá gbẹ, aránbàtà wa ni yóò kọ́kọ́ gba orí rẹ̀ wọlé. Èmi yóò tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Ó dàbọ̀ o.