Òfin Kò Lọ́wọ́, Àwa Lọwọ́ Rẹ̀

 

Ọ̀la ni ìdìbò ẹgbẹ́ wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi yan ìbéèrè yìí: bí ààrẹ bá fìdí rẹmi nínú ìbò, tó ní òun kò ní gbéjọba sílẹ̀, kí ni òfin ní kí á ṣe?

Ẹ bá mi ká lọ sí Gáḿbíà. Wọn kì í fi ìwé dìbò níbẹ̀. Bí olùdìbò bá wọlé, wọ́n á fún un ní òkúta gíláàsì róbótó kan, irú èyí tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré. Àgbá onírin ló wà níwájú rẹ̀, olùdíje kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Á ju òkúta náà sínú àgbá ẹni tó wù ú, agogo inú àgbá á sì dún lẹ́ẹ̀kan. Bó bá dún lẹ́ẹ̀mejì, àwọn òṣìṣẹ́ ìdìbò á mọ̀ pé màgòmágó ti wọ̀ ọ́.

Yahya Jammeh fi ìbọn gbàjọba ní 1994, ó sì lo ọdún 22. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá, 2016, agogo àgbá lé e. Adama Barrow tó bá a díje ní ìbò 227,708, Jammeh ní 208,487. Lọ́jọ́ kejì, Jammeh pe Barrow lórí fóònù, ó kí i kú oríire lójú tẹlifíṣọ̀n. Ìlú bú sáyọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 9, ó padà sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní òun kò gbà mọ́, nítorí pé àjọ elétò ìdìbò ṣàtúnṣe iye ìbò. Bẹ́ẹ̀, àtúnṣe náà kò yí ẹni tó wọlé padà.

Lọ́jọ́ 9 yẹn gan-an, ní Gánà, John Mahama tí ìbò lé kúrò lórí àléfà kí Nana Akufo-Addo tó borí rẹ̀ kú oríire. Ọjọ́ kan, ìwà méjì. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, Mahama bá Buhari, ààrẹ Nàìjíríà nígbà náà, àtàwọn ààrẹ mìíràn lọ sí Banjul lórúkọ ECOWAS láti bẹ Jammeh. Ẹni tó ti sọ ẹrù tirẹ̀ kalẹ̀ ló lẹ́nu láti ní kí ẹlòmíràn sọ tirẹ̀.

Ó dáa, kí ni òfin gbé lé wa lọ́wọ́?

Àkọ́kọ́ ni ọjọ́. Ní Amẹ́ríkà tí a wà yìí, Àtúnṣe Ogún sí ìwé òfin, ti ọdún 1933, ní bí aago méjìlá ọ̀sán bá ti lù ní ogúnjọ́ oṣù Kìn-ín-ní, sáà ààrẹ ti parí. Nílé, abala 135 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní kí ààrẹ kúrò nípò bí ọdún mẹ́rin bá ti pé. Kò sí èyí tó ní "bí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn". Ẹni tó bá ṣì jókòó lẹ́yìn ọjọ́ náà, ayálégbé tí owó ilé rẹ̀ ti tán ni.

Èkejì ni ìbúra. Nígbà tí Barrow kò lè búra nílùú rẹ̀, ó búra ní ọjọ́ 19 oṣù Kìn-ín-ní, 2017, nínú ilé aṣojú Gáḿbíà ní Dakar. Yàrá kékeré ni, ṣùgbọ́n láti wákàtí yẹn ni ayé ti mọ ẹni tí wọn yóò bá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ilé ẹjọ́. Jammeh pẹjọ́ kí wọ́n dá ìbúra náà dúró. Adájọ́ Àgbà Gáḿbíà nígbà náà ni Emmanuel Fagbenle. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ilé fún yín. Ó yẹra fún ẹjọ́ náà, Jammeh kò sì rí àṣẹ gbà.

Ẹ̀kẹrin ni ilé aṣòfin, ibẹ̀ sì ni kí á ti ṣọ́ra. Ilé aṣòfin Gáḿbíà fi oṣù mẹ́ta kún sáà Jammeh. Níhìn-ín, Ilé Aṣojú dìbò ní ọjọ́ 13 oṣù Kìn-ín-ní, 2021, 232 sí 197, láti fẹ̀sùn kan Ààrẹ Trump, ẹni tó fìdí rẹmi nínú ìbò tí kò sì gbà. Ìbò 57 péré ló dá a lẹ́bi nílé aṣòfin àgbà, bẹ́ẹ̀ 67 ni wọ́n ń wá. Nígbà tí wọ́n fi dìbò yẹn ní oṣù Kejì, ogúnjọ́ ti mú un kúrò. Ọjọ́ yá ju aṣòfin lọ.

Ẹ̀karùn-ún ni aládùúgbò. Àdéhùn ilẹ̀ Áfíríkà lórí ìjọba tiwantiwa, ti ọdún 2007, ka kíkọ̀ láti gbéjọba fún ẹni tó borí mọ́ fífi ipá gbàjọba. ECOWAS náà dúró ti Barrow. Ọmọ ogun Sẹ́nẹ́gàl, Nàìjíríà àti Gánà múra, Jammeh sì wọ ọkọ̀ òfuurufú ní ọjọ́ 21 oṣù Kìn-ín-ní, 2017.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin èèyàn mi, alágẹmọ ti bí ọmọ rẹ̀ ná, àìmọ̀ọ́jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ. Òfin kò lọ́wọ́. Àwa lọwọ́ rẹ̀. Alága àjọ elétò ìdìbò Gáḿbíà, Alieu Momar Njai, kò yí ẹni tó wọlé padà, títí tó fi sá lọ sí Sẹ́nẹ́gàl. Akọ̀wé ìpínlẹ̀ Georgia, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Trump fúnra rẹ̀, ni Trump pè lórí fóònù pé kó wá ìbò 11,780. Kò wá a. Igbákejì ààrẹ nígbà náà, Mike Pence, ní òun kò ní agbára láti da ìbò nù. Mi ò ṣe òṣèlú ẹnikẹ́ni o. Trump gba ipò padà pẹ̀lú ìbò ní 2024, bó ṣe yẹ kí èèyàn gbà á nìyẹn. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni kọ̀ọ̀kan ló di ibi kékeré tirẹ̀ mú.

Àwọn baba wa mọ èyí. Bí Ọ̀yọ́ Mèsì, ìgbìmọ̀ afọbajẹ, bá ní ìjọba Aláàfin tó gẹ́ẹ́, Baṣọ̀run á gbé igbá òfìfo fún un, èyí ni pé kó kú. Ṣùgbọ́n Baṣọ̀run Gáà sọ igbá yẹn di ti ara rẹ̀, ó ń fi pa ọba lọ́kọ̀ọ̀kan, títí Aláàfin Abíọ́dún fi gbá a dànù ní 1774. Àṣẹ tó bá wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo ti kúrò ní òfin.

Mo wà nínú ẹgbẹ́ kan rí. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ààrẹ wa pàdánù ìbò. Lọ́jọ́ tó yẹ kó gbé nǹkan kalẹ̀, kò yọjú. Ìwé sọ̀wédowó ẹgbẹ́ wà nínú báàgì rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn wà lára kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀. A dúró síta nínú òtútù, ìyá kan jókòó lé kúlà ìrẹsì. Kò sí ìlà kan nínú ìwé òfin wa tó sọ ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹni tó fìdí rẹmi. Akápò ló yọ wá: ó ní òun kò ní fọwọ́ sí sọ̀wédowó kankan mọ́ pẹ̀lú ẹni tí sáà rẹ̀ ti tán. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, kọ́kọ́rọ́ dé nínú àpò ìwé, kò sí lẹ́tà nínú rẹ̀.

Ohun méjì ni mo bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí á kọ ọjọ́ àti wákàtí sínú ìwé òfin ẹgbẹ́ yìí. Kí owó, ìwé àti kọ́kọ́rọ́ má sì ṣe wà lọ́wọ́ ẹnì kan mọ́. Ọ̀pọ̀ wa fi ilé sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n fagi lé ìbò June 12, 1993. Kò yẹ kí á kó àrùn yẹn sọdá òkun.

Lọ́la, bí a bá ka ìbò tán, kí kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn yìí kúrò lọ́wọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì lójú gbogbo wa, kí àwọn ọmọ tó ń ṣeré lẹ́yìn yẹn rí i.