Ọba Obìnrin Sábà: Kí ni Ilẹ̀ Jẹ́rìí Sí?

 

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ wa sábà máa ń gbé wá sí ìdí tàfúsírì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni ọmọ ọba Itsekiri kan, Domingos, ti lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ Potogí. Ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì ti pẹ́ níhìn-ín ní ìlú Warri. Oníbíbélì ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí a jọ ń gbé, tí a sì jọ ń ṣòwò, nítorí náà àríyànjiyàn kì í wọ́n. Àwọn ọmọ wa a sì máa sọ pé àlọ́ lásán ni ìtàn inú Bíbélì, nítorí pé àwọn awalẹ̀pìtàn kò rí ẹ̀rí rẹ̀.

Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Ẹ wo ìtàn ọba obìnrin Sábà. Ó wà nínú Bíbélì, Ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní, orí 10. Ó wà nínú Àlùkùránì, Súrà An-Naml. Kò sí èyí tí ó dárúkọ rẹ̀ nínú méjèèjì. Àwọn onítàfúsírì ni wọ́n pè é ní Bilikisu.

Kí ni ilẹ̀ wá sọ? Ilẹ̀ sọ pé ìjọba Sábà wà ní tòótọ́: àwókù olú ìlú rẹ̀ wà ní Marib, ní ilẹ̀ Yẹ́mẹ̀nì, pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ òkúta tí wọ́n kọ̀wé sí lára. Ní ọdún 1993, wọ́n rí òkúta kan ní Tel Dan tí ó dárúkọ ilé Dáfídì, ẹni tí àwa ń pè ní Ànábì Dáúdà. Ṣùgbọ́n a kò tíì rí òkúta ìgbà náà kan tí ó dárúkọ Ànábì Sulaimọn, tàbí tí ó sọ ìrìn-àjò ọba obìnrin náà. Ẹni tí ó bá tìtorí èyí pe Bíbélì ní irọ́, ta ni ó ń bá wí? Àìrí ẹ̀rí kì í ṣe ẹ̀rí pé nǹkan kò ṣẹlẹ̀. Ìwàásù àwọn ànábì ni ìgbàgbọ́ wa dúró lé, kì í ṣe ọkọ́ àwọn awalẹ̀pìtàn.

Ọ̀tọ̀ ni ìgbà tí ẹ̀rí bá wà, tí ó sì tako ohun tí a ń sọ. Mo mọ̀ pé èyí kò ní dùn mọ́ àwọn ará Ìjẹ̀bú tí ó wà láàárín wa. Ní Òkè-Èrí, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ni ibojì Bilikisu Sùngbọ́ wà. Ìtàn wọn sọ pé obìnrin ọlọ́rọ̀ tí kò bímọ ni, pé òun ni ó ní kí wọ́n gbẹ́ Erédò kí orúkọ rẹ̀ má baà parẹ́. Yàrà náà gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Níbòmíràn, láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ dé orí òkìtì rẹ̀ tó mítà 20. Nígbà tí Patrick Darling, awalẹ̀pìtàn láti Bournemouth, sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní ọdún 1999, ariwo gba ayé pé a ti rí ibojì ọba obìnrin Sábà. Ọ̀pọ̀ mùsùlùmí àti Kírísítẹ́nì ni ó ti ń lọ gbàdúrà níbẹ̀.

Àyẹ̀wò kábọ́ọ̀nù tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà fi hàn pé láàárín ọdún 1370 sí 1420 ni wọ́n gbẹ́ yàrà náà. Nǹkan bí ọdún 950 ṣáájú ìbí Ànábì Ísá ni wọ́n ń ṣírò ìgbà Ànábì Sulaimọn sí. Ó lé ní 2,300 ọdún láàárín wọn! Bóyá obìnrin ńlá kan gbé ní Òkè-Èrí, ó ṣeé ṣe. Kì í ṣe ẹni tí Àlùkùránì ń sọ.

Èmi kò rí àbùkù nínú èyí. Àwọn baba Ìjẹ̀bú ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́ ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí a fi fẹ́ gbé ògo wọn fún àlejò láti Yẹ́mẹ̀nì? Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ sí Òkè-Èrí lẹ́yìn ìtúnu, kí ó lọ wo iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe pè é ní síyárà.