Ẹni Tí Kò Kọrin, Tí Kò Lùlù



Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bí a ti ń palẹ̀ ìwé mọ́, ọ̀kan nínú yín dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ọmọ òun ọkùnrin àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta dá ẹgbẹ́ olórin kan sílẹ̀, wọ́n ń ta gìtá, wọ́n sì ń lu ìlù òyìnbó. Ọkùnrin kan ti wá bá wọn pé òun fẹ́ ṣe máníjà wọn, ó sì mú ìwé àdéhùn lọ́wọ́. Bàbá náà bi wá pé: “Tíṣà, ẹni tí kò kọrin, tí kò lùlù, tí kò mọ gìtá í ta, kí ni iṣẹ́ rẹ̀ tí yóò fi máa gba nínú owó àwọn ọmọ? Ṣé kí wọ́n fọwọ́ sí i ni, àbí kí wọ́n má fọwọ́ sí i?”

Ìbéèrè gidi nìyí. A kò fẹ́ fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dá a lóhùn. A ó sọ ìtàn ẹnì kan tó ṣe iṣẹ́ náà, tí òkìkí rẹ̀ kàn ká ayé, kí a lè rí ibi tí ó ti ṣe dáadáa àti ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ̀.

Orúkọ rẹ̀ ni Brian Epstein. Ìlú Liverpool, ìlú èbúté ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1934. Àwọn òbí rẹ̀ ń ta àga, tábìlì àti ohun èlò ilé, wọ́n sì tún ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń pè ní NEMS, níbi tí wọ́n ti ń ta àwo orin. Epstein lọ kọ́ eré orí ìtàgé ní London, kò parí rẹ̀, ó padà wálé wá bójú tó títa àwo. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bá ọwọ́ rẹ̀ mu. Bí oníbàárà bá béèrè àwo tí kò sí lórí àtẹ, kò ní sọ pé “kò sí”. Yóò wá a títí yóò fi rí i.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá ọdún 1961, ní ọ̀sán, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí abẹ́ ilẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Cavern, ní òpópónà Mathew. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin ń kọ orin rọ́ọ̀kì níbẹ̀. Beatles ni orúkọ ẹgbẹ́ wọn. Aṣọ awọ ni wọ́n wọ̀. Wọ́n ń jẹun lórí ìtàgé, wọ́n ń mu sìgá, wọ́n sì ń bá ara wọn ṣàwàdà láàárín orin. Ẹlòmíràn ì bá yí padà. Epstein rí i pé orin náà dùn, ó sì rí i pé inú àwọn èrò dùn sí wọn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1962, ó di máníjà wọn.

Kí ni ó wá ń ṣe? Ẹ fi ọkàn bá wa lọ.

Èkíní, ó tún ìrísí wọn ṣe. Ó ní kí wọ́n wọ kóòtù àti táì, kí wọ́n máa dé lásìkò, kí wọ́n má jẹun mọ́ lójú àwùjọ, kí wọ́n sì tẹríba fún àwọn èrò bí orin bá parí. Ó máa ń tẹ̀wé fún wọn: ọjọ́ báyìí, ìlú báyìí, aago báyìí.

Èkejì, ó ń kan ilẹ̀kùn fún wọn. Decca, ilé iṣẹ́ àwo orin kan ní London, gbọ́ orin wọn ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1962, wọ́n sì kọ̀ wọ́n. Epstein kò jókòó sílé. Ó gbé orin wọn kiri ọ̀dọ̀ àwọn mìíràn, títí George Martin, tó ń ṣe olórí Parlophone lábẹ́ EMI, fi gbà wọ́n. Nínú oṣù kẹwàá ọdún náà, “Love Me Do” jáde.

Ẹ̀kẹta, ó ń gbé ẹrù tí àwọn tó kù kò fẹ́ gbé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ Pete Best tó ń lu ìlù fún wọn, kí Ringo Starr lè gba ipò rẹ̀, ta ni wọ́n ní kó lọ sọ fún un? Epstein náà ni.

Ẹ̀kẹrin, ó mọ ìgbà tó yẹ kí á gba owó díẹ̀ nítorí ọlá púpọ̀. Nígbà tí wọ́n ń lọ sí Amẹ́ríkà, ó gbà kí wọ́n ṣe ètò Ed Sullivan lẹ́ẹ̀mẹta ní dọ́là 10,000 péré, ṣùgbọ́n ó ní orúkọ wọn ni kó wà lókè. Ní ọjọ́ 9 oṣù kejì ọdún 1964, nǹkan bí mílíọ̀nù 73 ènìyàn ló wò wọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n. Láti ọjọ́ náà, ta ni kò mọ̀ wọ́n?

Bàbá tó béèrè ọ̀rọ̀, ìdáhùn àkọ́kọ́ nìyẹn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèǹgbè. Olórin nílò ẹni tí yóò ta iṣẹ́ rẹ̀, ẹni náà sì nílò olórin. Máníjà gidi kì í jẹ nínú owó tí kò ṣiṣẹ́ fún.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Ìwé àdéhùn ńkọ́?

Nígbà tí wọ́n ṣe ìwé àkọ́kọ́, àwọn olórin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fọwọ́ sí i. Epstein fúnra rẹ̀ kò fọwọ́ sí i. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n lè kúrò lọ́dọ̀ òun bí òun kò bá wúlò fún wọn. Ọmọlúwàbí ni, a kò jiyàn. Ó ṣe òmíràn nínú oṣù kẹwàá ọdún 1962. Èyí sọ pé bí owó bá ti pọ̀, ìpín máníjà lè dé 25 nínú 100.

Nínú àdéhùn pẹ̀lú EMI, péènì kan ni àwọn olórin yóò gbà lórí àwo kékeré kọ̀ọ̀kan. Péènì yìí ni àwọn bàbá wa ń pè ní kọ́bọ̀, 240 ló sì wà nínú pọ́n-ùn kan nígbà náà. Ẹ mú pẹ́ńsùlù, ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Bí àwo 1,000 bá tà, kọ́bọ̀ 1,000 ni, ìyẹn kò ju pọ́n-ùn mẹ́rin àti díẹ̀ lọ. Bí máníjà bá mú 25 nínú 100, ó mú kọ́bọ̀ 250. Ó ku 750. Ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́rin: kọ́bọ̀ 187 àti ààbọ̀ ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tí kò kọrin gbà ju ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó kọrin lọ! A kò sọ pé olè ni. Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá lè ṣírò kò ní mọ̀.

Èyí tó burú jù wáyé ní ọdún 1963. Àwọn oníṣòwò fẹ́ máa fi orúkọ Beatles ta irun àtọwọ́dá, ọmọlangidi, aṣọ àti oríṣiríṣi nǹkan. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ Epstein, ó fi ọ̀rọ̀ náà sọ́wọ́ lọ́yà. Ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí fún àwọn àjèjì ní 90 nínú 100, ó sì fi 10 péré sílẹ̀ fún Beatles àti Epstein. Nígbà tí ojú rẹ̀ là sí i, orí rẹ̀ gbóná. Ní ọdún 1964 wọ́n tún un ṣe, ìpín wọn sì súnmọ́ ìdajì. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù ní New York, owó tó ti lọ sì ti lọ.

Ẹ gbọ́ o: ẹni tó wá àwo tí oníbàárà kan ṣoṣo béèrè títí ó fi rí i, kò wá ojú ìwé kan yẹn wò dáadáa. Òótọ́ inú kò rọ́pò kíkàwé.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1967, Epstein kú ní London. Oògùn oorun ló lò kọjá ìwọ̀n. Àwọn tó wádìí ikú náà ní èèṣì ni. Ẹni ọdún 32 ni. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò lè fohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tí yóò máa bójú tó owó wọn. Ní òpin ọdún 1970, Paul McCartney pe àwọn mẹ́ta tó kù lẹ́jọ́.

Nítorí náà, Bàbá, a kò ní kí ẹ lé ọkùnrin náà. Ẹ bi í ní nǹkan márùn-ún, kí ẹ sì rí ìdáhùn rẹ̀ nínú ìwé, kì í ṣe lẹ́nu rẹ̀. Ọdún mélòó ni? Mélòó nínú 100? Ṣé kí wọ́n tó yọ ìnáwó ni yóò mú tirẹ̀, tàbí lẹ́yìn rẹ̀? Ta ni owó yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ta ni yóò sì máa rí ìwé ìṣirò? Bí wọ́n bá fẹ́ pínyà, báwo ni wọn yóò ṣe pínyà? Bí ó bá ní kí ẹ má ṣòpò kà á, kí ẹ ṣáà fọwọ́ sí i nítorí ọkọ̀ ń dúró, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ máa lọ.

Ní ọdún tó kọjá, àtàǹpàkò ni ẹ̀yin fi ń tẹ̀wé. Lónìí ẹ lè kọ orúkọ yín. Ẹ má tètè fi orúkọ náà tọrẹ. Ẹ mú ìwé ọkùnrin náà wá ní Ọjọ́bọ̀, kí ọmọ yín àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá yín wá. Ẹ̀yin ni ẹ ó kà á sókè, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwa ó jókòó, a ó máa gbọ́.